Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ológoṣẹ́, Idì àti Ẹ̀rọ Tó Ń Fi Afẹ́fẹ́ Ṣe Iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń ka Bíbélì lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ka Diutarónómì orí 22, níbi tí a ti sọ pé ẹni tó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ kò gbọdọ̀ mú ìyá pẹ̀lú ọmọ, tí mo sì tún ka Mátíù orí 10, níbi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ nípa ológoṣẹ́ tí kì í ṣubú lẹ́yìn Baba. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pè wá sí ìpàdé lórí àwọn ẹ̀rọ gíga tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀ sórí òkè tó wà nítòsí wa. Ẹnì kan nínú àwọn tí a jọ ń ka Bíbélì sọ pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ń pa ẹyẹ, àti pé onígbàgbọ́ tó bá fọwọ́ sí i ti tẹ òfin Ọlọ́run lójú. Ẹlòmíràn ní ẹyẹ kò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí ọmọ ènìyàn yóò rí lò. Èmi kò mọ èyí tí ǹ bá tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì.
— Ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì ṣeun gidigidi tí ẹ dúró lórí ẹsẹ wọ̀nyẹn dípò kí ẹ sáré kọjá lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ológoṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa ń fà yọ jù lọ nínú àríyànjiyàn yìí, òun náà ni wọ́n sì máa ń ṣì lò jù lọ. Nígbà tí Jésù sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òfin nípa ẹyẹ ni ó ń ṣe. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn tí ó fẹ́ rán jáde sáàárín àwọn tó lè pa wọ́n ni ó ń kì láyà. Kò sọ pé ológoṣẹ́ kì í ṣubú. Ó ní kì í ṣubú lẹ́yìn Baba, ìyẹn ni pé kò sí èyí tó ṣubú tí Baba kò mọ̀ sí. Bí ẹ bá sì ń ka Bíbélì lọ títí tí ẹ fi dé Lúùkù orí 12, ẹ ó rí i pé iye owó náà yí padà díẹ̀: nínú Mátíù, ológoṣẹ́ méjì ni wọ́n ń tà ní owó idẹ kan, ṣùgbọ́n nínú Lúùkù, márùn-ún ni wọ́n ń tà ní owó idẹ wẹ́wẹ́ méjì. Ẹni tó ra mẹ́rin gba ìkarùn-ún ní èènì. Ẹyẹ tí wọ́n fi ṣe èènì yẹn pàápàá, tí olùtà kò dá iye lé lórí, Ọlọ́run kò gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí kò lè yíjú padà kí ó sọ pé ẹyẹ kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ẹsẹ náà ti dá ẹ̀rọ kankan lẹ́bi.

Diutarónómì 22 ni ó gbé wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an. Òfin ibẹ̀ kò ní kí ebi pa arìnrìn-àjò nítorí ẹyẹ, nítorí ó gbà á láyè láti mú àwọn ọmọ. Ohun tí ó kà léèwọ̀ ni kí ó mú ìyá mọ́ wọn, nítorí ìyá ni yóò tún yé, ìyá ni yóò tún sàba, bí ìyá bá sì ti lọ, ìtẹ́ náà ti parí nìyẹn. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ẹsẹ 8, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í so mọ́ ọn: ẹni tó bá kọ́ ilé titun gbọ́dọ̀ ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì wà lọ́rùn ilé náà. Òfin kò ní kí a má kọ́lé. Ó ní kí ẹni tó ń kọ́lé ti ronú kan ẹni tó lè ṣubú kí onítọ̀hún tó ṣubú. Èmi kò lè ka ẹsẹ mẹ́ta wọ̀nyí tẹ̀ léra kí n má ronú nípa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bí a bá béèrè bóyá ó ń pa ẹyẹ, ìbéèrè náà kò tíì kún. A ní láti béèrè bóyá ìyá ni ó ń pa, àti irú ìgbátí tí wọ́n ṣe sí i.

Ó ń pa ẹyẹ lóòótọ́. Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà tí yóò jiyàn rẹ̀. Bí ènìyàn bá dúró lókèèrè, apá mẹ́ta tó ń yí náà a dà bí ohun tó ń lọ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ṣóńṣó apá ẹ̀rọ ńlá lè máa sáré ju 250 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ohun tó bá ń yára tó bẹ́ẹ̀ nítòsí a máa pòórá mọ́ ẹyẹ lójú, yóò sì rò pé àlàfo ni òun ń gbà kọjá. Ti igún tún ní ìṣòro mìíràn nínú: ilẹ̀ ni ó ń wò bí ó ti ń fò, nítorí òkú ẹran ni ó ń wá, bí ó bá sì ti tẹ orí ba báyìí, kò ní rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe pé igún gọ̀. Láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, kò sí ohun tó dúró lójú òfuurufú tí igún ní láti máa ṣọ́ra fún.

Ṣùgbọ́n àdánù náà kò bá gbogbo ẹyẹ bákan náà, ibí yìí sì ni òfin ìtẹ́ ẹyẹ ti wúlò fún wa. Ológoṣẹ́ a máa yé ẹyin mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè sàba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Irú igún tí wọ́n ń pè ní griffon ń yé ẹyin kan ṣoṣo lọ́dún, ọmọ rẹ̀ yóò sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí òun náà tó lè yé. Idì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i. Àwọn ẹyẹ ńlá wọ̀nyí ni wọ́n ń gun orí afẹ́fẹ́ tó ń rọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń wá afẹ́fẹ́ fún iná fẹ́ràn láti gbé ẹ̀rọ sí. Bí àgbà idì mélòó kan bá ń kú lórí òkè kan lọ́dọọdún, ó lè má sí ọmọ tí yóò rọ́pò wọn. A ti mú ìyá pẹ̀lú ọmọ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kan ìtẹ́.

Jóòbù 12:7 ní kí a bi àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run, wọn yóò sì sọ fún wa. Ní Altamont Pass, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, wọn kò bi wọ́n. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ kéékèèké kalẹ̀ sáàárín àwọn òkè ibẹ̀, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀ ti pọ̀, tí idì sì ti ń wá wọn jẹ. Idì ń kú níbẹ̀ lọ́dọọdún, àṣá àti òwìwí náà sì ń kú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kúrò, wọ́n sì ń fi ìwọ̀nba ẹ̀rọ ńlá rọ́pò wọn, tí wọ́n ń fi ìṣọ́ra yan ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò dúró sí. Ẹ kíyè sí i pé àtúnṣe yìí dé lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti wà lọ́rùn ilé.

Ní agbègbè Cádiz ní gúúsù Sípéènì, wọ́n ṣe ìgbátí. Ní ibùdó ẹ̀rọ 13, wọ́n yan àwọn ènìyàn láti máa ṣọ́ ojú ọ̀run; bí wọ́n bá rí igún tó ń bọ̀ lọ́nà ewu, wọn a pe ibi ìdarí, ẹ̀rọ tó kàn yóò sì dúró títí igún yóò fi kọjá. Ikú igún lọ sílẹ̀ dé ìdajì, ohun tí wọ́n sì pàdánù nínú iná tí wọ́n ń ṣe lọ́dún jẹ́ ìdá 0.07 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún nọ́ńbà yẹn kà. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹyẹ tàbí iná ni kí ẹ mú ọ̀kan, Cádiz ni kí ẹ rán an létí.

Wọ́n tún dán ohun mìíràn wò ní erékùṣù Smøla ní Nọ́wè, níbi tí ẹ̀rọ ti ń pa idì onírù funfun. Lára ẹ̀rọ mẹ́rin, wọ́n kun ọ̀kan nínú apá mẹ́ta ní dúdú kí ojú ẹyẹ lè tètè dá a mọ̀, ìwádìí tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé òkú ẹyẹ dín ní ìdá tó lé ní 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ ìtòsí tí wọn kò kùn. Ẹ̀rọ mẹ́rin kò pọ̀ tó láti fi ṣe òfin fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọ̀dà dúdú kì í ṣe ohun tó wọ́n.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ wà nínú Jeremáyà 8:7, níbi tí wòlíì náà ti sọ pé àkọ̀ ojú ọ̀run mọ àkókò rẹ̀, tí ó sì dárúkọ àdàbà àti alápàńdẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú. Jeremáyà kò pa á lówe láti inú ìwé. Lókè orí rẹ̀ ni àkọ̀ ń gbà kọjá. Títí di òní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkọ̀ funfun ń gba ojú ọ̀run Ísírẹ́lì kọjá láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè láti orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gùn, wọn kò sì fẹ́ràn láti la òkun ńlá kọjá. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gba ẹ̀bá òkun Suez ní Íjíbítì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti le gan-an, tí wọ́n sì ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kalẹ̀. Níbẹ̀ náà, wọ́n ń fi ràdá àti awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn ṣọ́ ọ̀wọ́ ẹyẹ tó ń bọ̀, wọ́n sì ń dá ẹ̀rọ dúró nígbà tí ó bá yẹ. Àkọ̀ mọ àkókò rẹ̀ láti ìgbà Jeremáyà. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ìpàdé yẹn, kí ẹ má sì lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ẹ̀rọ. Èéfín èédú àti epo tí a ń sun láti fi ṣe iná ń yí ojú ọjọ́ padà, ìyẹn náà sì ń ba ibùgbé ẹyẹ jẹ́, láìsí òkú tí ènìyàn lè tọ́ka sí lẹ́sẹ̀ òpó. Ẹgbẹ́ Audubon ní Amẹ́ríkà àti RSPB ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdáàbòbò ẹyẹ jẹ́ iṣẹ́ wọn, kò tako iná afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ jà lé lórí ni ibi tí wọ́n fẹ́ gbé e sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè yín bóyá wọ́n ti ka ẹyẹ orí òkè náà fún odindi ọdún kan ó kéré tán, nítorí pé ẹni tó kà á ní oṣù kan ṣoṣo lè má bá àwọn ẹyẹ aṣíkiri níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá idì tàbí igún ní ìtẹ́ sí tòsí. Ẹ béèrè ẹni tó ní àṣẹ láti dá ẹ̀rọ dúró, àti bóyá iye òkú tí wọ́n bá rí yóò hàn sí gbogbo ènìyàn. Bí òkè náà bá jẹ́ ojú ọ̀nà àwọn ẹyẹ ńlá, tí wọ́n sì ní òkè mìíràn tí wọ́n lè lò, èrò tèmi ni pé kí wọ́n lọ lo èkejì, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó mọ́. Bí ìdáhùn wọn bá tọ́, ẹ fọwọ́ sí i láìbẹ̀rù pé ẹ ṣẹ̀ sí ológoṣẹ́.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni mo ń ṣe, mo sì máa ń ka Sáàmù kan kí n tó gun òpó lọ sókè. Mo ti rí òkú ẹyẹ lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ rí, mo sì máa ń rí òkú àdán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n má da ara mi láàmú, pé ológbò nìkan ń pa ẹyẹ ju gbogbo ẹ̀rọ wa lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ǹjẹ́ ó burú bí mo bá kàn gbá òkú náà sọnù?
— Òṣìṣẹ́ orí òpó

Ìdáhùn: Ní ti iye, òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú ní 2013 pé ológbò ń pa ẹyẹ tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dún ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fojú bù ú ní 2014 pé ẹyẹ mílíọ̀nù 365 sí 988 ń kú nípa fífi orí gbá ilé àti fèrèsé onígíláàsì. Ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, nínú ìṣirò 2013, wà láàárín 140,000 sí 328,000. Ẹ̀rọ ti pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà, síbẹ̀ àlàfo àárín wọn ṣì fẹ̀ gidigidi.

Àmọ́ ológbò kì í pa idì. Ẹyẹ kéékèèké tó ń tètè bí sí i ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ológbò ń pa, nígbà tí ìwọ̀nba tí ẹ̀rọ ń pa lè jẹ́ àwọn tí kò ní àrọ́pò. Ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò kò sì wẹ tiwa nù.

Inú mi dùn pé ẹ dárúkọ àdán, nítorí pé ènìyàn kì í sábà rántí rẹ̀. Ẹ ó rí i nínú Léfítíkù 11:19 pé òun ni wọ́n fi parí orúkọ àwọn ohun abìyẹ́ tí Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ, bí ẹni pé ẹyẹ ni. Àdán a máa bí ọmọ kan tàbí méjì lọ́dún, nítorí náà ọ̀rọ̀ idì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Alẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò le ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú, iná tí ẹ̀rọ sì ń ṣe ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá ṣètò ẹ̀rọ kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí títí afẹ́fẹ́ yóò fi le díẹ̀ sí i, pàápàá ní àsìkò tí àdán ń ṣí kiri, ikú wọn a máa dín tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè dá a lábàá fún ọ̀gá yín. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu òṣìṣẹ́ tó ń rí òkú náà jáde a máa wúwo.

Ẹ má ṣe gbá òkú náà sọnù. Ẹranko a máa gbé òkú lọ kí àwọn tó ń kà á tó dé, èyí ni kì í jẹ́ kí iye tó wà nínú ìwé pé. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi tó ẹni tí ó yẹ létí. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án, àdán pàápàá, nítorí àrùn dìgbòlugi. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìdáàbòbò idì, tó ti wà láti 1940, kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú òkú idì tàbí ìyẹ́ rẹ̀ lọ láìgba àṣẹ, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí òfin ibi tí ẹ wà sọ. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ ka Sáàmù 104 kí ẹ tó gun òkè. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àkọ̀ náà sì ní ilé tirẹ̀ lórí igi.

Ìbéèrè: Ẹ kú làálàá, Olóòtú. Ẹgbẹ́ wa ń ka Bíbélì tán láàárín ọdún kan. Ní ibi ọ̀rọ̀ Jóòbù orí 39, níbi tí Ọlọ́run ti béèrè bóyá nípa ọgbọ́n Jóòbù ni àṣá fi ń fò, mo dúró, n kò lè kúrò níbẹ̀, ọjọ́ 19 sì ti kọjá. Àwọn yòókù ti jìnnà sínú Sáàmù. Ṣé kí n máa ka orí mẹ́wàá lóòjọ́ kí n lè lé wọn bá?
— Ẹni tó ti ṣẹ́ kù sẹ́yìn

Ìdáhùn: Rárá o. Orí 1,189 ni ó wà nínú Bíbélì, èyí tó jẹ́ orí mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́ fún ẹni tó fẹ́ kà á tán lọ́dún, ìwọ̀n yẹn sì ti tó ẹrù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tó bá ń ka mẹ́wàá kí ó lè san gbèsè ọjọ́ 19 yóò máa ka ọ̀rọ̀ lásán ni, nígbà tí ó bá sì fi máa di ọjọ́ kẹrin, yóò ti sú u.

Ètò kíkà wúlò, n kò sì fẹ́ kí ẹ pa á tì. Robert Murray M'Cheyne, olùṣọ́-àgùntàn ará Scotland, ṣe ọ̀kan fún ìjọ rẹ̀ ní 1842, èyí tó mú kí wọ́n ka Májẹ̀mú Láéláé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún àti Májẹ̀mú Titun pẹ̀lú Sáàmù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ènìyàn sì ń lò ó títí di òní. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí a máa yí po nínú ibi tí ó dùn mọ́ wa nìkan. Bí kò bá sí i, mélòó nínú wa ni yóò dé ibi tí a ti dárúkọ àdán? Ṣùgbọ́n kí ẹ lè dúró ni ètò náà fi gbé yín dé iwájú àṣá yẹn. Jóṣúà 1:8 sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe àṣàrò lọ́sàn-án àti lóru, ẹni tó ń ṣàṣàrò a sì máa pẹ́ lójú kan.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ẹsẹ tó bá dá mi dúró sí, mo sì ń bá ètò mi lọ ní ọjọ́ kejì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, tí àyè bá wà, mo máa ń padà sọ́dọ̀ ẹsẹ náà. Ẹyẹ ni ó kún inú ìwé mi ti ọdún yìí, láti orí ìwò tí Nóà kọ́kọ́ rán jáde kí ó tó rán àdàbà. Ẹ kọ Jóòbù 39 sínú tiyín, ẹsẹ 26 títí dé 30, nítorí pé idì àti ìtẹ́ rẹ̀ lórí àpáta gíga wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣá tí ẹ kò lè fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ 19 yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì ṣí Sáàmù tí àwọn yòókù ń kà lónìí.